Níbo Ni Wọn Yóò Kọ́ Ilé Ìsinmi Tuntun Sí, Níbo sì Ni Tiwa Wà?

Mo júbà ẹ̀yin àgbà kí n tó la ẹnu, nítorí bí ọmọdé bá mọ ẹ̀kọ jẹ, kò lè mọ̀ ọ́n jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Bí mo bá ṣì sọ, ẹ fi orí jì mí.

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí pé èmi ni ọ̀rọ̀ ọdún yìí kàn, ó rò pé n ó sọ̀rọ̀ lórí oríkì tàbí lórí ìlù. Mo ní rárá. Oníṣirò owó ni mí, ohun tí mo fi ń jẹun ni mo mọ̀. Láti nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ìdílé mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ yìí ló ti gbé ìwé wá bá mi pé kí n bá àwọn wò ó. Oríṣi ìwé kan náà ni gbogbo wọn: ìwé ilé ìsinmi tí òyìnbó ń pè ní timeshare, tí èmi yóò máa pè ní ilé ìsinmi àjọlò. Àwọn kan nínú wa sì ti dá a lábàá pé kí a mú nínú owó àpò ẹgbẹ́ ra ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí gbogbo wa lè máa pín in lò. Ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e lórí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ọ́ ní gbangba lónìí, nígbà tí inú gbogbo wa dùn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Kí n tó máa gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi.

Ní 2013, èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi kó ìbejì wa lọ sí Florida fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n nígbà náà. Ní òtẹ́ẹ̀lì tí a dé sí, ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín dá wa dúró. Ó ní bí a bá lè fún àwọn ní ìṣẹ́jú 90 láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn yóò fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ sí ọgbà ìgbádùn kan. Ìṣẹ́jú 90 di wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Wọ́n fún wa lóúnjẹ, wọ́n mú wa wo yàrá tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ń dán, wọ́n sì bi ìbejì mi léèrè lójú wa pé, ṣé wọ́n fẹ́ máa wá síbí lọ́dọọdún? Kí ni ọmọ ọdún márùn-ún yóò sọ?

Mo fọwọ́ sí i. Èmi tí mo lọ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò owó ní Ìlú Ọba, èmi tí àwọn ilé iṣẹ́ ń sanwó fún kí n lè bá wọn ka ìwé àdéhùn, mo fọwọ́ sí ìwé tí n kò kà. Ìwé náà nípọn bíi Bíbélì. Inú àpótí ẹrù ni mo sọ ọ́ sí. Ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn tí mo fọwọ́ sí i ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé òfin ìpínlẹ̀ Florida fún mi ní ọjọ́ 10 láti fagi lé e, kí wọ́n sì dá gbogbo owó mi padà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi pẹ́.

Ìyàwó mi kò bínú. Ìbéèrè ló bi mí. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ọdún mélòó ni a ó fi máa san owó ìtọ́jú tí wọ́n kọ síbí yìí?" Mo yẹ ìwé náà wò títí, n kò rí ọdún tí yóò parí. Ó tún ní, "Bí a bá kú ńkọ́?" Mo dákẹ́. Ọdún mẹ́fà ni a fi san án, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a lò ó. Ní 2019, èmi náà ni mo tún sanwó fún wọn kí wọ́n tó gbà á padà lọ́wọ́ wa. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ẹjọ́ ni mo wá rò, ọgbọ́n ni mo wá tà, owó iyebíye ni mo sì fi rà á.

Kí wá ni ilé ìsinmi àjọlò gan-an? Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún nílé, yóò tètè yé yín. Ìyá kan ní ìsọ̀ kan lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà nìkan ni ìsọ̀ náà jẹ́ tirẹ̀. Bí ọjà bá ti tú, kò lè sùn síbẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ di ilé. Bẹ́ẹ̀ ni tiwọn rí. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Wọ́n á kọ́ yàrá kan, wọ́n á pín ọdún rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì ta á fún ogunlọ́gọ̀ ìdílé. Olúkúlùkù á san owó ńlá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà á máa san owó ìtọ́jú lọ́dọọdún, bó lọ bí kò lọ. Owó ìtọ́jú yìí ni wọ́n fi ń san owó orí ilé, owó adójútòfò, owó oṣù òṣìṣẹ́, àti owó àtúnṣe.

Ilẹ̀ Yúróòpù ni ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní Switzerland, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Hapimag bẹ̀rẹ̀ ní 1963; àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá owó jọ, wọ́n ń fi í ra ilé ìsinmi, wọ́n sì jọ ń lò ó. Ní 1974, tọkọtaya kan ní Indianapolis, Jon àti Christel DeHaan, dá RCI sílẹ̀, kí ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ níbì kan lè fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ní tirẹ̀ níbòmíràn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ yìí sọ́kàn, n ó padà sórí rẹ̀. Ní 1991, Disney náà wọ inú rẹ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ ìsinmi ẹbí tiwọn sílẹ̀, Disney Vacation Club. Àwọn kì í ta ọ̀sẹ̀, póìntì ni wọ́n ń tà, tí ọmọ ẹgbẹ́ lè fi sùn níbi tó bá wù ú nínú àwọn ilé wọn, bí àyè bá wà.

Tiwọn ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àwọn ọmọ wa mọ̀ wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ọwọ́ wọn kọ́ ni mo ti ra tèmi. Ìbéèrè tí ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan báyìí kì í bi ara rẹ̀ ni pé, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí wọn yóò kọ́lé sí? Ilé ni a sì ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a tò ó. Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́, Old Key West, inú ọgbà wọn ní Florida ló wà, ní 1991. Lẹ́yìn náà wọ́n dán etíkun wò: Vero Beach ní Florida ní 1995, àti erékùṣù Hilton Head ní South Carolina ní 1996. Wọ́n tún padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wọn fún ọdún púpọ̀. Ní 2011 wọ́n ṣí Aulani ní Hawaii, etíkun náà ni. Láti ìgbà náà wá, ẹ wo ibi tí ilé tuntun ń bọ́ sí: Riviera ní 2019, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ní Florida, ilé tó wà ní Disneyland Hotel ní 2023, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ní California, àwọn ilé kéékèèké ti Fort Wilderness àti ilé gíga ti Polynesian ní 2024, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ní Florida. Nínú gbogbo ilé tí mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà ti kọ́, mẹ́ta péré ni kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìgbádùn wọn, etíkun ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà.

Kí ló fà á? Bí mo bá fi ojú oníṣirò owó wò ó, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n.

Èkínní ni ilẹ̀. Láàárín 1960 sí 1970 ni Disney ti ra ilẹ̀ tó tó éékà 27,000 ní àárín gbùngbùn Florida, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ àbàtà àti pápá màlúù. Ẹni tó bá ti ní ilẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú kì í lọ ra ti ẹlòmíràn lọ́wọ̀n-ọ́n gógó láìnídìí.

Èkejì ni ọ̀sẹ̀ 52. Ẹni tó ń ta ilé àjọlò kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọ síbi tí èèyàn ń wá ní ìgbà ooru nìkan. Ta ni yóò ra ọ̀sẹ̀ oṣù kejì nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀? Florida, California àti Hawaii kò mọ òtútù bíi tiwa níbí.

Ẹ̀kẹta ni ìpadàbọ̀. Ibi tí èèyàn ń wò lẹ́ẹ̀kan tó tó o, kò dára fún wọn. Ibi tí ọmọ yóò ti sunkún pé òun fẹ́ padà ni wọ́n ń wá. Bí ilé bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, oníbàárà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò ní wá a lọ sílé rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni òfin, owó orí àti ojú ọjọ́. Etíkun dùn ún wò, ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun ń jẹ irin, ìjì sì ń gbé adójútòfò ga. Ní oṣù kẹwàá 2016, nígbà tí ìjì líle Matthew ń bọ̀, ìjọba ní kí gbogbo èèyàn kúrò ní Hilton Head. Àwọn tó ra póìntì sí Vero Beach wà lára àwọn tí owó ìtọ́jú wọn ga jù nínú ẹgbẹ́ Disney. Ọmọ ẹgbẹ́ ló ń san gbogbo rẹ̀. Bí ìjì bá ṣí òrùlé, àpò yín ni wọn yóò yọjú sí.

Àwa tí a ń gbé ní Maryland níbí ní ẹ̀rí tiwa nítòsí. Ní 2009, Disney ra ilẹ̀ sí National Harbor, létí odò Potomac, ní mílíọ̀nù 11 dọ́là. Wọ́n ní ilé ìtura tó tó yàrá 500 ni àwọn fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Inú wa dùn, a ní iṣẹ́ yóò pọ̀ ní Prince George's County. Ní oṣù kẹjọ 2011 wọ́n ṣí ti Hawaii. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n ní àwọn kò kọ́ ti National Harbor mọ́. Ìgbà kejì nìyẹn tí wọ́n ń yí ojú padà ní agbègbè wa: ní 1993 wọ́n kéde ọgbà kan ní Haymarket ní Virginia, àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn onítàn tako ó, ní 1994 wọ́n pa á tì.

Èrò tèmi lórí National Harbor rèé. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Ilẹ̀ ni wọ́n ní láti fi owó rà. Òtútù wa kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ 52 ó pé. Àwọn ìdílé ń wá wo Washington lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọmọ wà níléèwé, wọ́n á wo ilé ààrẹ, wọ́n á wo àwọn musíọ̀mù tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó di ilé. Ta ni yóò fi ogójì ọdún wá wo ilé ààrẹ?

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé níbo ni wọn yóò kọ́ tuntun sí, n ó ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà tiwọn ni, Florida àti California, kí ó tó di ibòmíràn. Bí wọ́n bá tún jáde, etíkun tó móoru ni, níbi tí ọkọ̀ òfurufú ti ń wọlé láti ibi púpọ̀. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, èmi kì í ṣe babaláwo. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi lójú ni pé ìṣirò tiwọn ni wọn yóò tẹ̀ lé. Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé níbo ni yóò dára kí ọmọ Yorùbá tó wà ní Maryland ti máa rántí ìgbà èwe rẹ̀. Àwa la gbọ́dọ̀ bi ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan tì í lẹ́yìn. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe iye tí ilé iṣẹ́ kan ń gbà. Ká ní owó ìwọlé jẹ́ $20,000, owó ìtọ́jú ọdún kìn-ín-ní jẹ́ $1,200, tó sì ń fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ga lọ́dọọdún. Láàárín 20 ọdún, owó ìtọ́jú nìkan yóò tó nǹkan bí $35,700. Ẹ fi owó ìwọlé kún un, ó di $55,700. Bí ẹ bá ń lọ lọ́dọọdún láìyẹ̀, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ná yín ní nǹkan bí $2,800. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ yá owó ìwọlé náà, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 14 nínú ọgọ́rùn-ún fún 10 ọdún, $20,000 yẹn ti di $37,000 àti díẹ̀, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì di nǹkan bí $3,650. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú kò sí níbẹ̀, oúnjẹ kò sí níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà náà kò sí níbẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ti Disney ní ọjọ́ ìparí. Àwọn ilé àkọ́kọ́ wọn, ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní 2042 ni àdéhùn wọn yóò parí, ilé á sì padà sọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Ti Aulani yóò parí ní 2062, ti Riviera ní 2070. Ẹ kò ra ilé, ọdún ni ẹ rà. Kò burú, bí ẹ bá mọ̀. Ìdílé tó bá ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún tipẹ́, tó ní owó lọ́wọ́ láìyá, tó sì ka ìwé rẹ̀, lè jẹ èrè rẹ̀. Mo mọ irú wọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tiwa kì í ṣe irú wọn. Bí a bá fi owó àpò ẹgbẹ́ rà á, gbogbo wa ni yóò fẹ́ ọ̀sẹ̀ tí iléèwé bá wà ní ìsinmi, kò sì sẹ́ni tí yóò fẹ́ ti oṣù kejì. Owó ìtọ́jú yóò máa ga, ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa kó lọ sí Texas, àwọn tó bá kù ni yóò máa sanwó àwọn tó lọ. Ìjà tí yóò tú ẹgbẹ́ ká nìyẹn. Nítorí náà, nígbà ìdìbò, èmi yóò dìbò pé rárá.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wí nísinsìnyí pé, "Akàntáǹtì, o ti bà á jẹ́, tún un ṣe." Mo ti ń bọ̀ níbẹ̀.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan nínú wa máa sọ pé ó yẹ kí irú àwọn ẹgbẹ́ ìsinmi wọ̀nyí wá kọ́lé sílé wa, sí Badagry, sí Òkè Ìdànrè, sí Ìkògòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n náà. Ilẹ̀: láti ìgbà Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú, ìwé rẹ̀ kì í sì í yá. Ọ̀sẹ̀ 52: Kérésìmesì nìkan ni àwa ará òkè òkun ń rọ́ lọ. Iná, omi, ọ̀nà: ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ má retí wọn láìpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ṣé a nílò wọn? Ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé nílé, tí ẹ̀yin fúnra yín kì í sùn níbẹ̀ tó oṣù kan lọ́dún. Ẹ wo ọwọ́. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ṣé.

Èmi náà wà níbẹ̀. Ní ọdún tí mo ń san owó ilé àjọlò yẹn, mo ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, ìlú mi. Ó parí ní 2016. Yàrá mẹ́rin, kànga ẹlẹ́rọ, táǹkì omi, jẹnẹrétọ̀, ẹnu ọ̀nà onírin. Mo ka iye òru tí mo ti sùn níbẹ̀ láti ìgbà náà títí di òní: òru 33. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti sùn níbẹ̀ jù mí lọ. Nígbà tí a lọ ní 2018, ọ̀kan nínú ìbejì mi dúró láàárín pálọ̀, ó bi ìyá mi pé, "Màmá, ilé ta ni èyí?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ilé bàbá rẹ ni. Ọmọ náà ní, "Ilé Dádì wà ní Maryland." Ẹ̀yin ará, n kò rí èsì fún un.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ibi ìsinmi ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. A kọ́ ilé, a kò kọ́ àjọlò mọ́ ọn. Ilé ń bẹ ní Ìjẹ̀bú, ní Ọ̀yọ́, ní Òǹdó, ní Ọ̀ṣun, ní Kwara, ní Kogí, gbogbo wọn tì pa. Àwọn baba wa sì mọ àró. Èmi á wá bá ọ roko lónìí, ìwọ á wá bá mi ro tèmi lọ́la, kò sẹ́ni tó ń san owó fún ẹnì kejì. Pàṣípààrọ̀ tí àwọn ará Indianapolis bẹ̀rẹ̀ ní 1974 kò jìnnà sí i.

Àbá mi nìyí. Kí á yan èèyàn márùn-ún. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ ilé rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìdílé kan bá sùn ní ilé mi fún òru márùn-ún, òru márùn-ún ti wọ àkọsílẹ̀ fún mi, tí mo lè lò ní ilé ẹlòmíràn nínú wa. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú lè wá sí Ẹ̀fọ̀n, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bọ omi Ìkògòsì, kí ẹ sì lọ wo omi Olúmirìn tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Àwa náà á wá wo Ojúde Ọba lọ́dọ̀ yín, a ó sì lọ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn ọmọ wa á mọ̀ pé ilẹ̀ Yorùbá ju ìlú bàbá àwọn nìkan lọ.

Ṣùgbọ́n oníṣirò owó kì í dá àbá kó má dá ìkìlọ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá lo ilé ni yóò san owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ẹni tó bá gbá ilé, kí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Èkejì, ilé tí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ń gbé, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ láìbá wọn sọ ọ́ yanjú. Ẹ̀kẹta, kí á máa bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹnikẹ́ni tó gbéra, kí a má rin ìrìn alẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ààbò nílé kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ẹ̀kẹrin, àdéhùn ọdún kan péré ni kó jẹ́. Ẹni tó bá sú kó jáde, láìsí ìjà, láìsí owó ìtanràn. Ojú ewé méjì ni mo fẹ́ kí ìwé rẹ̀ jẹ́, kí gbogbo wa lè kà á tán kí a tó fọwọ́ sí i.

Ìdílé mẹ́rin tó gbé ìwé wá bá mi, mo ti bá yín sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ẹ̀yin yòókù, bí ẹ bá lọ sí Florida, tí ẹnì kan bá fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, ẹ jẹun wọn, ẹ kí wọn, kí ẹ sì gbé ìwé wọn padà sí yàrá yín. Ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ọjọ́ 10 ni òfin fún yín níbẹ̀; ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Ìlú Ọba, ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ 14 ni tiwọn. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí pé ẹ fi í ránṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo ní mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa máa wá sùn nílé tí mo kọ́. Mo rò pé yóò kọ̀. Ó ní, "Ó yẹ kó o ti ṣe é tipẹ́. Ilé tí èèyàn kò gbé, alángbá ló ń bá a gbé e. Kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n ṣáà sọ fún mi ṣáájú kí n lè gún iyán."

Tèmi ni àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀ náà. Ìwé wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ, kó kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí ní ìbéèrè, n ó wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi gbé àga kúrò.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A kò ní ṣìnà, ọmọ wa kò ní sọnù sí àjò, a ó délé bá ilé.